Orin Tó Wà Lábẹ́ Orin

Àwọn tó mọ Yanrìn láti kékeré kì í sọ pé ohùn rẹ̀ dùn. Ohùn tó dùn pọ̀ níta, wọ́n sì máa ń tètè sú èèyàn. Tirẹ̀ há, ó gbẹ, ó dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí wọn kò tíì fún lómi mu. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Yanrìn, tí orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi dé ara gbogbo àwo orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Yanrìn bá ti gbé orin kan sẹ́nu, kí ẹni tó ni orin náà tẹ́lẹ̀ yáa lọ wá òmíràn ṣe. Iṣẹ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe nìyẹn: orin olórin ló ń kọ. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n, irú èyí tí gìtá oníná máa ń ké nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ wọ́n fi ariwo àti ìbínú kọ wọ́n. Yanrìn á gba orin náà lọ́wọ́ wọn, á fà á gùn, á mú kí ó rọ̀, á kó gbogbo ọkàn rẹ̀ lé e, títí ohun tó jẹ́ ìhàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á fi di ẹ̀bẹ̀.

Kò kọ́ ọ níbì kankan, àfi bí a bá fẹ́ ka ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà rán aṣọ tuntun. Aṣọ tí wọ́n ti gé fún ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń gbé wá fún un, kí ó tú u, kí ó dín ejìká rẹ̀ kù, kí ó jẹ́ kí ó bá ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí mu. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ni Yanrìn dàgbà sí, ó ń fi etí gbọ́ rédíò, ó ń fi ọwọ́ ṣa òwú nílẹ̀. Nígbà tó di olórin, ọ̀nà kan náà ló gbà ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń gbọ́ orin tó bá fẹ́ kọ. Á jókòó tì í, á gbọ́ ọ dé òpin, á pa ẹ̀rọ, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ títí yóò fi kọ tirẹ̀ sínú téèpù. Ó ní bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀wọ̀ kò sì ní jẹ́ kí òun lè fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Báyìí ni ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ó kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì, ó kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá, ó kọrin ní ilé rédíò, àwọn ènìyàn fẹ́ra wọn sílé lórí ohùn rẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ ara wọn sílẹ̀ lórí ohùn kan náà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan hù sí i lọ́fun. Dókítà yọ ọ́, ó ní kí ó máa rọra sọ̀rọ̀, kí ó má sì kọrin mọ́. Dókítà náà fẹ́ràn orin Yanrìn púpọ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú.

Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ àwo orin rántí rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí wọn kò tíì bí nígbà tí àwo kejì Yanrìn jáde. Ó pè é wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi omi tútù síwájú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú àwo kan ṣoṣo, láti orin àkọ́kọ́ tó kọ nígbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n dé orí èyí tó kọ kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Yanrìn mọ ohun tí irú àwo bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá ti ń kó gbogbo iṣẹ́ ẹnì kan jọ, wọ́n ti gbà pé kò ní ṣe òmíràn mọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ó wo orúkọ àwọn orin tí wọ́n ti ṣà jọ, kò bá wọn jiyàn lórí ọ̀kankan. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi orin tòun kún un.

“Tiyín bíi báwo, bàbá?” ni ọ̀gá náà bi í. “Ṣé kì í ṣe tiyín ni gbogbo èyí ni?”

Yanrìn ní rárá, òun wí pé tòun, èyí tí òun fúnra òun ṣe. Ọ̀kan ni. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí awakọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé òun náà ń ṣe mọ́tò nílé.

Òótọ́ ni ṣá. Ó ti ní ìyàwó rí, àwọn méjèèjì sì bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà ń gbìyànjú àtidìde dúró nígbà tí àìsàn mú un, ẹkún rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Orin kankan nínú gbogbo èyí tí Yanrìn mọ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó kọ ti onítibí fún un, ó kọ ti onítọ̀hún, ọmọ ń ké. Níkẹyìn ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun kan tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ọmọ náà sì dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ parí iṣẹ́ ọjọ́ ní sítúdíò, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ó sì kọ orin náà sínú téèpù. Kò fún un lórúkọ. “Ti Yanrìn” ni wọ́n ń pè é. Kò pẹ́ sí i, ọmọ kú. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kò kọ ọ́ mọ́, kò sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó wà níbì kan láàárín àwọn téèpù ilé-iṣẹ́, ìmọ̀ yìí sì ti jẹ́ ìrọ̀rí fún un ní gbogbo ìgbà tí àwọn oníwèé-ìròyìn ń kọ ọ́ pé kò ní orin kankan tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀gá náà fa wíwá téèpù náà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa tún ohùn inú téèpù àtijọ́ ṣe. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Téèpù tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin yìí á fi wọ́n sínú ohun èlò kan tó ń móoru díẹ̀díẹ̀, á mú wọn gbẹ, á wá gbé wọn sórí ẹ̀rọ fún ìgbà ìkẹyìn. Bí téèpù náà bá ṣe ń kọrin ni ìyẹ̀fun rẹ̀ ń ṣí kúrò lára rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa parí, ohun tó kù kò ju okùn lásán lọ. Ó wá gbogbo àpótí wò. Ó ní òun kò rí ti Yanrìn.

Yanrìn ronú kan ẹni tó lè mọ̀. Nínú àwọn tó wà ní sítúdíò lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì wà láyé, ẹni tó máa ń lu ìlù fún wọn. Onílù ti fi ìlù sílẹ̀ tipẹ́; ó ń lẹ táyà mọ́tò lẹ́bàá títì. Ó rí Yanrìn lókèèrè, kò dìde.

“Ẹ wò ó o,” ló wí fún táyà tó wà níwájú rẹ̀, “ẹni ńlá ti dé. Orí orin ta lo tún ti ń bọ̀?”

Yanrìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó lórí àpótí irin, ó sì sọ ohun tó ń wá.

“Ìwọ tó ń jẹun lórí orin olórin láti ọjọ́ yìí, ìgbà wo lo wá di onílé?” Onílù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. “Tìẹ yẹn kò sí mọ́ ná. Òun la gba orin Má Tíì Lọ lé lórí. Àbí o ti gbàgbé ni?”

Ó ti gbàgbé, tàbí kí a sọ pé kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Má Tíì Lọ ni orin tó gbé e dókè. Láti ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti wá, bí ìyókù. Ọkùnrin kan ló ń bá obìnrin tó ń di ẹrù rẹ̀ jà nínú rẹ̀, ó sì yá, ó sì lágbára. Yanrìn fà á gùn, ó yọ ìjà inú rẹ̀ kúrò, ó wá ku ẹ̀bẹ̀ nìkan. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́. Onílù rán an létí bí ó ṣe rí: ilé rédíò fẹ́ orin náà ní kíákíá, téèpù sì wọ́n lásìkò náà bí ojú. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin ló ń ṣe é. Wọ́n á gba tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bí ìgbà tí wọ́n ń nu pátákó ìkọ̀wé nù kí wọ́n lè tún un kọ.

“Kò sí téèpù míì,” ni Onílù wí. “Kí la fẹ́ ṣe?”

Gbólóhùn yìí wọ Yanrìn lára bí omi gbígbóná nínú òtútù. Kò sí téèpù míì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú, ọ̀wọ́n ọjà ni. Ó wá béèrè bóyá Onílù rántí orin náà. Onílù ní òun rántí apá tòun dáadáa, ó gbé irin kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu ẹ̀gbẹ́ àgbá táyà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn. Ìlù náà gún régé. Ọgbọ̀n ọdún kò yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Yanrìn dijú, ó ń retí kí ọ̀rọ̀ bọ́ sí i. Mọ́tò ń kọjá, ìlù ń lọ, ọ̀rọ̀ kò dé.

“Kí ló wà lórí ẹ̀?” ló béèrè nígbẹ̀yìn.

Onílù dáwọ́ dúró. “Ìwọ lo wà lórí ẹ̀.”

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní kò burú, bí téèpù kò bá sí, kí bàbá kọ ọ́ lákọ̀tun. Ó ní ohùn tó ti fọ́ pàápàá á ṣiṣẹ́ níparí irú àwo bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á sunkún. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Yanrìn ń jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán, tó ń fi ìka lu orí tábìlì bí Onílù ṣe lù ú, tó sì ń fi ẹnu wá ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Ó rí ìlà àkọ́kọ́ he, tàbí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ bọ́ sí ìkejì, Má Tíì Lọ ló máa ń wọlé, láìkan ilẹ̀kùn, bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó lé e jáde, òmíràn wọlé: ti olórin tòkè òkun kan, ti ẹni tó ti kú, ti ẹni tí òun tilẹ̀ ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ kún fún orin bí ilé èrò. Gbogbo àlejò ló ní ibùsùn níbẹ̀, onílé nìkan ni kò rí ibi sùn.

Ẹnì kan ṣì kù tó lè mọ̀ ọ́n, Yanrìn kò sì fẹ́ lọ bá a. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò jà. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà, wọ́n kàn ń dín kù nínú ilé, ọ̀rọ̀ ń dín kù, oúnjẹ àjọjẹ ń dín kù, títí ó fi ku ọjọ́ kan tí obìnrin náà kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò sì padà. Nígbà tí ọmọ wà, “bàbá ọmọ mi” ni obìnrin náà ń pe Yanrìn. Lẹ́yìn náà, kò rí ohun tó lè pè é mọ́, kò sì pè é ní ohunkóhun. Ó ti pẹ́ tó ti dá ilé ìfọṣọ tirẹ̀ sílẹ̀, ibi tí ó ti ń fọ aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti àwọn olùkọ́. Ní ọ̀sán tí Yanrìn wọlé síbẹ̀, ó ń lọ ọrùn ẹ̀wù funfun kan, ooru ẹ̀rọ ń rú sókè lójú rẹ̀.

“Ẹ káàsán,” ló wí láìgbójú sókè. “Aṣọ yín dà?”

Ó ní òun kò mú aṣọ wá. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó, ó sì padà sí ọrùn ẹ̀wù náà. Yanrìn rọra rojọ́ ohun tó gbé e wá: àwo tí wọ́n fẹ́ ṣe, orin náà, bí òun ṣe lọ bá Onílù àti ohun tí Onílù wí. Ó tún gbólóhùn tó ti ń tù ú nínú láti ọjọ́ yẹn sọ. Ó ní kò sí téèpù míì.

Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ ìlọṣọ náà dúró.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Onílù ni.”

“Onílù ń lu ìlù rẹ̀. Èmi ni mo wà ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀wù gbígbẹ ni mo gbé wá fún ọ nítorí òjò ti pa ọ́. Téèpù kan wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn ò tíì já bébà ara rẹ̀. Wọ́n bi ọ́ pé èwo ni kí àwọn lò. O wo téèpù yẹn. O ní kí wọ́n lo ti tẹ́lẹ̀.”

“Mi ò rí i.”

“O rí i.”

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ fún oníbàárà pé àbààwọ́n kan kò ní lọ. Yanrìn gbìyànjú láti rí yàrá náà padà. Ó rí àwọn wáyà nílẹ̀, ó rí ẹ̀yìn Onílù, ó rí ẹ̀wù tó tutù lọ́rùn rẹ̀. Ó wá fèrèsé, ó rí i. Ó wá pẹpẹ, kò sí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe túbọ̀ ń wò ó, ó yé e pé kì í ṣe pé pẹpẹ ṣófo lójú òun. Ńṣe ni ibi tó yẹ kí pẹpẹ wà kò sí rárá, bí ẹni pé ẹnì kan ti gé e kúrò nínú àwòrán. Kò mọ ìdí tí ọkùnrin kan yóò fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí orin náà wà níbì kankan tí yóò ti lè gbọ́ ọ. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ń kán an lójú. Kò sí ẹni tó kù láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà náà kò fi èsì sílẹ̀ fún un.

Ó béèrè, pẹ̀lú ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, bóyá obìnrin náà ṣì rántí orin náà.

“Mo máa ń kọ ọ́,” ni obìnrin náà dáhùn. “Níbí, nídìí aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ dé ìlà kejì, àfi bí Má Tíì Lọ ṣe bọ́ jáde lẹ́nu mi. Ibo ni wọn ò ti ń lò ó? Ṣọ́ọ̀bù iwájú, mọ́tò, ibi ìgbéyàwó. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ni. O gbà á lé e lórí níbí náà.” Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀. “Ẹkún ọmọ mi ni gbogbo wọn ń jó sí, wọn ò sì mọ̀.”

Ó gbé ẹ̀rọ ìlọṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Yanrìn lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n máa bá àwo wọn lọ láìsí tòun. Wọ́n bá a kẹ́dùn níwọ̀nba. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kò bá ṣe ti ọkùnrin tó ń tún ohùn ṣe. Má Tíì Lọ ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìṣe àwọn oníṣẹ́ yìí ni pé bí orin kan bá ti parí, wọ́n á gé ohunkóhun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ dànù, nítorí àwọn téèpù tí wọ́n ti lò rí máa ń ní ìrù: bí orin tuntun bá kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ìwọ̀nba tó kù nínú ti àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, á yọrí jáde bí etí ẹ̀wù lábẹ́ aṣọ òkè. Ó ti gé irú rẹ̀ láìmọye. Èyí náà ni ó fẹ́ gé, kí ó tó rántí ìbéèrè bàbá náà. Ó pè é.

Yanrìn ní kí ó má gbé e sí i lórí fóònù, kí ó dúró de òun. Ilé ìfọṣọ ló gbà lọ tààrà. Obìnrin náà ní òun kò ráyè, aṣọ àwọn olùkọ́ kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ̀lé e.

Yàrá náà kéré, ògiri rẹ̀ rọ̀ bí tìmùtìmù. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti wà níbẹ̀, ó dìde fún wọn. Wọ́n jókòó. Má Tíì Lọ kọ́kọ́ parí, ohùn gìtá rẹ̀ ìkẹyìn ń pòórá lọ, nǹkan kan dún pá, ó sì dé láti inú ìdákẹ́jẹ́, lójijì, láàárín gbólóhùn: ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kò tíì há tó bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, ìlù ń gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. “… kí o sùn, kí ara ó tù ọ́, ilẹ̀ á mọ́, ara á tù ọ́.” Lẹ́yìn èyí, àga kan ké, ẹnì kan wúkọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wí pé, “Ó tó.” Ó tán.

Obìnrin náà yíjú sí Yanrìn.

“Òun nìyẹn?” ni obìnrin náà béèrè.

“Òun ni.”

“Mo rò pé ó jù báyìí lọ.”

Yanrìn náà ti rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń yẹ orin wò, ó mọ èyí tó ní egungun nínú àti èyí tí kò ní, kò sì lè pa etí rẹ̀ tì nítorí pé tirẹ̀ ni. Orin lásán ni. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá gbé ọmọ sẹ́yìn rí. Bí ẹlòmíràn bá gbé e wá fún un pé kí ó kọ ọ́, ì bá dúpẹ́, ì bá sì dá a padà. Ó ní kí wọ́n tún un gbé, bóyá òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n tún un gbé. Kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní tirẹ̀ ti ń yọ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Má Tíì Lọ, kí ó jẹ́ àṣírí kékeré fún ẹni tó bá ní sùúrù. Àwọn oníwèé-ìròyìn á gbé e kiri. Ohun tí Yanrìn béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Yanrìn ro ohun tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́, nítorí pé bí àwọn olórin ṣe máa ń gba ọ̀rọ̀ nìyẹn: bí o bá ní orin kò dára tó, ohun tí o ń sọ ni pé kí wọ́n yọ ọ́.

“Ẹ gé e,” ló wí.

Ọkùnrin tó ń tún ohùn ṣe wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀, ó ní bàbá ló ni ín. Ọkùnrin náà gé e.

Obìnrin náà dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ so, ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ láìkánjú, bí ẹni tó ti múra ibi tó ń lọ tipẹ́.

“Mo ní mo rò pé ó jù báyìí lọ,” ló wí. “Mi ò ní kí o pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.”

Ó kí àwọn yòókù pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rántí pé ìpàdé kan ń dúró de òun.

Nígbà tó ku àwọn méjì, ọkùnrin oníṣẹ́ ohùn náà sọ fún Yanrìn, láìwò ó lójú, pé ohun tí òun gé ṣì wà nínú ẹ̀rọ, pé bí òun kò bá tíì pa ẹ̀rọ náà, òun ṣì lè dá a padà síbi tó wà. Ó ní téèpù gan-an ti parẹ́, ṣùgbọ́n èyí ṣì wà. Kí bàbá ṣáà ti sọ̀rọ̀.

Yanrìn dúró. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́, ó tilẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi í sílẹ̀ fún? Kí àwọn tí ń jó ní ibi ìgbéyàwó gbọ́ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ̀ sùn, kí wọ́n rò pé àwo àwọn bàjẹ́? Kí obìnrin náà gbọ́ ọ, tó ti gbọ́ ọ tán? Àbí kí òun máa gbọ́ ọ, kí òun sì máa mọ̀ nígbà gbogbo pé kò dára? Bí ó bá sì jẹ́ pé gígé tí òun gé e ni kò dára, ta ni yóò bá òun wọ̀n ọ́n? Ó ń yí àwọn nǹkan wọ̀nyí síwá sẹ́yìn, kò sì sọ ọ̀kankan jáde. Ọkùnrin náà dúró de èsì bí ọmọlúàbí. Ó ní ìdílé tó ń dúró dè é nílé. Nígbà tó rí i pé bàbá kò ní sọ̀rọ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àwo náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ohùn Mi ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó tà dáadáa. Àwọn oníwèé-ìròyìn yìn ín, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ pé bí wọn kò bá sọ fún èèyàn, kò sí ẹni tó lè gbàgbọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ni Yanrìn ti gba àwọn orin wọ̀nyí. Wọ́n fi àwo kan ránṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ náà. Obìnrin náà dá a padà láìtú u.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Yanrìn gbọ́ tirẹ̀. Ó fi àga ti fèrèsé, ó sì jókòó títí ó fi kan Má Tíì Lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀, gìtá bá a bẹ̀bẹ̀, orin náà parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sáàárín orin méjì. Lẹ́yìn náà ni èyí tó kàn bẹ̀rẹ̀.